Ẹ Sọ Tiyín: Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Oṣù Dán Ìgbàgbọ́ Yín Wò

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíwájú, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú.

Ní ọ́fíìsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Kristẹni ni mí. Ẹsẹ Bíbélì ló máa ń wà nísàlẹ̀ gbogbo ímeèlì mi. Tó bá di ọ̀sán, mo ti wọ yàrá ìpàdé lọ gbàdúrà, mi ò sì í tètè jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kì í parí lásìkò. Obìnrin kan tó jókòó tì mí, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, ló máa ń bá mi parí rẹ̀, kò sì fi ẹjọ́ mi sùn. Lọ́jọ́ kan, mo pè é wá sí ìsìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé Ọlọ́run tí o ń sìn yìí mọ̀ pé èmi ni mò ń bá ẹ ṣiṣẹ́ ẹ?" Kò bínú o, ó fi ṣeré ni. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Mo ti ka Kólósè 3:23 láìmọye ìgbà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ká fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ bí ẹni ń ṣe é fún Olúwa. Mi ò kíyè sí i pé àwọn ẹrú ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò bi bóyá iṣẹ́ náà wù wọ́n. Èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún wá ń fi àdúrà sá fún iṣẹ́. Mo yọ ẹsẹ yẹn kúrò nísàlẹ̀ ímeèlì mi fún odidi ọdún kan, kí iṣẹ́ mi lè kọ́kọ́ bá a dọ́gba ná.

Nọ́ọ̀sì kan

Tèmi burú jù tiyín lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe jù. Ní wọ́ọ̀dù wa, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin la ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìgbóná ara aláìsàn, tí a ó sì kọ ọ́ sínú ṣáàtì. Ti aago 2 òru ló le jù. Aláìsàn ń sùn, ẹsẹ̀ ń ro ẹ́, ohun tí wọ́n kọ ní aago 10 sì wà níwájú ẹ. Àwọn tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ mi: wo ti aago 10, yí i díẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe é, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Aláìsàn tí mo bá gbàdúrà nírọ̀lẹ́, èmi náà ni mò ń kọ ìfúnpá tí mi ò wọ̀n fún lóru.

Lóru ọjọ́ kan, mo ti kọ 118/76 fún bàbá kan tán, àmọ́ ara mi ò balẹ̀. (Mi ò ní sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni o. Ẹ̀rù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.) Mo dìde lọ wọ̀n ọ́n: 82/50, ó ti lọ sílẹ̀ jù. A sáré pe dókítà. Àṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú bàbá náà. Ara wọn yá. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń yìn mí pé ojú mi ríran. Mo ti fa ìlà kan lórí 118/76, mo kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n ẹni bá wò ó á ṣì rí i kà. Òwe 11:1 ní ìwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Àwọn ọlọ́jà ni mo ti ń rò pé ó ń bá wí.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa. Wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì yan mí lódì fún bí oṣù méjì. Mo tún sọ fún ọ̀gá wa pé àwa méjì ò lè wọn aláìsàn 24 láàárín òru. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni kún wa.

Ẹnìkan láti ilé iṣẹ́ kíkọ́lé

Wọ́n ní kí n buwọ́ lu iṣẹ́ tí a ò tíì parí kí owó lè wọlé kí ọdún tó yí. Mo kọ̀. Wọn ò gbé mi ga lọ́dún yẹn, wọn ò gbé mi ga lọ́dún kejì. Ẹni tó buwọ́ lù ú ni ọ̀gá mi báyìí. Apá ibi tí Jósẹ́fù ti di olórí la fẹ́ràn láti máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ tó kọ̀ fún ìyàwó Pọ́tífárì ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ọdún méjì gbáko ló sì tún lò níbẹ̀ lẹ́yìn tí agbọ́tí ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọdún méjì yẹn, ẹ kú ìfaradà.

Ẹnìkan tó ti dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀

Ọ̀gá mi àtijọ́ kì í fi àdúrà òwúrọ̀ ṣeré. Dandan ni fún gbogbo wa. Mùsùlùmí kan wà láàárín wa tó máa ń dúró síta títí a ó fi ṣe àmín, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ó pẹ́ dé. Owó oṣù wa ńkọ́? Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń dé. Léfítíkù 19:13 ní owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́, a ò sì ka ibẹ̀ rí nínú gbogbo àdúrà yẹn. Ti owó kọ́ ló ń dùn mí jù. Mi ò gbèjà arákùnrin yẹn rí.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni mo ní báyìí. A kì í ṣe àdúrà òwúrọ̀. Owó wọn kì í sùn lọ́wọ́ mi.

Ẹnìkan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà

Ẹ bá mi dá sí èyí. Wọ́n gbé áàpù tẹ́tẹ́ fún wa láti kọ. Mo ṣe bíi Dáníẹ́lì: mi ò pariwo, mi ò wàásù, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n fún mi níṣẹ́ mìíràn. Wọ́n gbà. Àṣé ọmọ ìjọ wa kan, tí kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́, ni wọ́n gbé e fún. Kò lẹ́nu láti kọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì kan

Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀?

Ẹnìkan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà

Rárá. À ń rí ara wa lójoojúmọ́. Ó máa ń kí mi dáadáa.