Mo fẹ́ du káńsẹ́lọ̀ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ní kí n má dárúkọ ìwé owó

Akápò Aládìrẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aládìrẹ ni mí l'Ábẹ́òkúta níbí, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́ wa. Mo fẹ́ du káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Tíkẹ́ẹ̀tì ₦200 ló gbé mi dìde. Ọmọ tó ń gba owó ọjà já a fún mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn: kò ní nọ́ńbà, kò ní òǹtẹ̀. Mo ní níbo lowó yìí ń wọlé sí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ọwọ́ ìjọba ni." Gọ́tà iwájú ìsọ̀ mi sì rèé, bí òjò bá ti ṣú báyìí ni mo ti ń kó aṣọ.

Mo fẹ́ sọ fáwọn ará wọ́ọ̀dù pé bí mo bá wọlé, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni n ó máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ògiri ọjà. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú mi ní, "Ṣé o fẹ́ fi hàn pé olè làwa tá a ti débẹ̀ ni?" Àwọn oníbàárà mi ní tiwọn ń bèèrè pé kí ni mo mú wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Fẹ̀yìntì
Àbúrò mi, má ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀dọ̀ alága àtàwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná ni ìwé owó wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀. Bó o bá wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta, káńsẹ́lọ̀ 15 lẹ ó jẹ́ tẹ́ ẹ jọ jókòó. Ní Àríwá, 16. Ohùn kan ṣoṣo lo ní. Ohun tó o lè ṣe ni pé kí ìṣúná má kọjá láìjẹ́ pé o kà á, kí o sì wá sọ fún ọjà bó o ṣe dìbò lórí rẹ̀. Ìyẹn ni kó o polongo.

Ohun kan tún wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ ní rédíò, wọ́n rò pé owó ti ń ṣàn. Má jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tìrẹ. Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ń jáde nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ gọ́tà.

Lọ́yà Ìbarà
Ẹ̀gbọ́n mi, òfin wa kò gbà kí èèyàn du ipò láìní ẹgbẹ́ òṣèlú, torí náà ẹ má bá àgbà yẹn jà. Ẹ lọ bá a nílé lálẹ́. Àmọ́ ẹ ò nílò ipò kankan kẹ́ ẹ tó bèèrè. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún gbogbo wa láyè láti kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́
Owó orí ló mú àwọn ìyá wa tú lọ sí ààfin ní 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, tí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949 (ó padà dé lẹ́yìn náà o). Ta ló pín ìrẹsì fún wọn?

Mo Du Rí
Ìwọ fi 1947 sílẹ̀ jàre. Mo sọ̀rọ̀ ìṣúná níwájú àwọn èèyàn rí, wọ́n ń sùn. Ìgbà tí mo sọ pé ₦200 lójúmọ́, ìsọ̀ 300, ọjọ́ 26 lóṣù, ó di mílíọ̀nù kan ààbọ̀ àti 60,000, àwọn tó ń sùn jí. Ẹ gbé ìwé ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ ti ń kọ láti ọdún mẹ́sàn-án dání lọ. Kò sí ìwé ìpolongo tó jù ú lọ.

Akápò Aládìrẹ
Ẹ ṣé gan-an. Mo lọ ka ìsọ̀ wa láàárọ̀ yìí: 214. ₦42,800 lójúmọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe ń kà á, ọmọ onítíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé mi láti ìsọ̀ sí ìsọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Màmá, kí lẹ ń kà?" Mo ní kó dúró, kó bá mi gbé bírò dání.