Adágún ti tó, ẹ má jẹ́ ká pè é ní ọ̀sà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé jọ́gíráfì fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì l'Óǹdó ló béèrè orúkọ tá a máa pe omi kékeré tó wà láàrin igbó, tí ò níyọ̀, tí kì í sì í ṣe odò. Ẹnìkan ní ká pè é ní "ọ̀sà kékeré", ó ní adágún ni omi tí ò lọ tí ò bọ̀, èyí tó wà nínú ìwé sì ní odò tó ń wọ inú ẹ̀, òmíràn ń jáde.

Èmi ò gba ọ̀sà rárá. Ọ̀sà tá a mọ̀ l'Ékòó, omi òun àti tòkun ló jọ ń pò pọ̀, tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi iyọ̀ á wọ inú ẹ̀ dáadáa, ìgbà tójò bá dé ló máa dín kù. Kí ló wá kan omi inú igbó níbẹ̀?

Ti pé adágún ò gbọdọ̀ ní ibi tó ń gbà jáde, ẹ ṣí Bíbélì, Lúùkù 5 ẹsẹ 1, adágún Jẹnẹsárẹ́tì ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ odò Jọ́dánì ló ń wọ̀ ọ́ láti àríwá tó ń gba gúúsù jáde. Adágún ń sọ bómi ṣe rí lójú ẹni tó dúró létí ẹ̀ ni, pé ó tẹ́jú, kò sáré bí odò Ọwẹ̀nà lásìkò òjò, kò sọ pé kò sómi tó ń kúrò níbẹ̀.

Barombi Mbo ní Kamẹrúùnù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Kumba, irú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ihò tí iná abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ ló kún fómi, ó fẹ̀ ju kìlómítà 2 lọ, ó jìn ju mítà 100 lọ, igbó yí i ká, oríṣi ẹja tó lé ní mẹ́wàá sì wà nínú ẹ̀ tí ò sí níbòmíì láyé. Odò kékeré ń wọ̀ ọ́, omi sì ń jáde. Ṣùgbọ́n Bosumtwi ní Gánà, nítòsí Kumasi, omi ẹ̀ ò ríbi jáde, oòrùn ló ń fà á. Adágún làwọn méjèèjì, ohun tá a nílò ni orúkọ fún odò tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde. Ẹnìkan dábàá "odò apọnmi" fún èyí tó ń wọlé, ó dùn mọ́ mi gan-an, ká wá pe ìkejì ní "odò ajáde". Omi ẹ̀yìn dáàmù, ká fi "àtọwọ́dá" kún tiẹ̀, ó parí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ilẹ̀ tí òjò ẹ̀ ń ṣàn lọ sínú adágún, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí omi náà wà. Tí igbó bá wà níbẹ̀, ewé tó ti já sílẹ̀ á fa òjò mu, gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, àgbàrá á gbé erùpẹ̀ wọnú adágún, omi á pọ́n, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á máa ga sókè, ẹ ṣáà wo àwọ̀ odò Àlà l'Ákùúrẹ́ níbí lẹ́yìn òjò ńlá. Àwọn kan ní ká pe ilẹ̀ tí òjò ẹ̀ ń wọnú adágún yìí ní "ilẹ̀ olómi", àbàtà nìyẹn jàre. Mo fara mọ́ "ilẹ̀ àkójọ àgbàrá", àmọ́ ó gùn díẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko lágbègbè igbó Olúwá, tẹ́ ẹ bá lórúkọ tẹ́ ẹ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ìwé lọ síbi ìtẹ̀wé.