Ọ̀kẹ́ kan kì í ṣe mílíọ̀nù kan

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á sọ "ọ̀kẹ́" di orúkọ mílíọ̀nù, torí pé "àádọ́ta ọ̀kẹ́" ti gùn jù lẹ́nu àwọn oníròyìn. Wọ́n ní àpò kúkú ni ọ̀kẹ́, ohun tó bá wu èèyàn ló lè kó sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Àpò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò oníwọ̀n ni. Ogójì owó ẹyọ ló wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló kún ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka owó náà. Ìyá kan tó ń ta obì ní Ọjà Ọba níbí ṣì ń kà bẹ́ẹ̀: á ṣa márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ, ogójì pé.

Ẹ wá tú 20,000 palẹ̀: 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ogún, ogójì, igba, irinwó àti ẹgbàá fi ń pín in láìṣẹ́kù. Gbogbo òǹkà tó lè pín in bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n, bí a bá ka 1 àti òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ pín in sí mẹ́ta, méjì á ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni "dín". Ọ̀kẹ́ kan dín kan, 19,999, ṣeé pín sí méje: 7×2,857. Ọ̀kẹ́ kan dín mẹ́ta, 19,997, kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. (A ò tíì fẹnu kò lórí orúkọ irú òǹkà yìí. "Aláìpín" ni mo fara mọ́; ó bá "aláìkú" rìn, ó sì sàn ju "òǹkà àkọ́kọ́" lọ, tí ọmọdé á rò pé 1 ni.) Bí ọ̀kẹ́ bá wá di mílíọ̀nù, ta ni yóò tún mọ ohun tí ọ̀kẹ́ kan dín mẹ́ta jẹ́? Àádọ́ta ọ̀kẹ́ tí a ti ń pe mílíọ̀nù látọjọ́ pípẹ́ á sì di àádọ́ta mílíọ̀nù lójijì.

Bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ bá gùn, ẹ pe mílíọ̀nù ní mílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ ní Ọjà Ọba. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an ló yẹ ká wá orúkọ fún. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ jẹ́ 400,000,000. Ìlọ́po méjì àbọ̀ rẹ̀ ni bílíọ̀nù kan géérégé. Mo dábàá "ọ̀kẹ́ńlá" fún 400,000,000 náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ẹ lè fi kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin kó yé e?