Dátà gbówó lórí, oníbàárà ń sá: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Dátà ni mò ń tà nítòsí LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fowó lé e, àwọn ọmọ iléèwé kì í yà lọ́dọ̀ mi mọ́. Èyí tó bá yà á ní olè ni mí. Lánàá, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ pariwo lé mi lórí lójú gbogbo èèyàn. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣe kò sọ nǹkan kan fún wa. A sùn, a jí, iye ti yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn ń jẹ gbèsè. Gbèsè wo? Pátákó ìpolówó wọn kún títì títí dé Ìlọrin! Owó ṣọ́ọ̀bù ò yọ mọ́. Ṣé kí n fi òwò yìí sílẹ̀ ni?

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ò sọ iye tí ẹ ń rà á, ẹ ò sọ iye tí ẹ ń tà á. Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn, òótọ́ ni. Owó tó wọlé fún MTN ní 2024 lé ní tírílíọ̀nù 3 náírà, síbẹ̀ wọ́n pàdánù nǹkan bí 400 bílíọ̀nù. Náírà já gan-an láti June 2023, bẹ́ẹ̀ dọ́là wà nínú gbèsè wọn àti owó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń yá. Iye sì ti wà lójú kan láti 2013 títí di ìgbà tí wọ́n fowó lé e yìí. Ìlọ́po méjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ béèrè. NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ní àfikún náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ní January 2025.

Àǹtí Bísí: Kúnlé, má gbè wọ́n lẹ́yìn jù. Nígbà tí GSM dé ní 2001, o sọ̀rọ̀ díẹ̀, owó odidi ìṣẹ́jú lọ. Fláàṣì ni ìyá mi máa ń fi pè wá nígbà náà, àwa la ó padà pè wọ́n. Glo dé ní 2003, ó ń gé owó ní ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìdíje ló gbà wá.

Bọ̀dá Kúnlé: Ìdíje dà báyìí, Àǹtí? Nínú ìlà mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ ti MTN àti Airtel. WhatsApp ti gba ìpè lọ́wọ́ wọn, dátà ni wọ́n gbójú lé.

Ìyá Ìbejì: Èmi ti fi ti oṣù sílẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ ni mò ń rà. Mà, ẹ ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

Ìyá Dámilọ́lá: Àwọn yòókù kì í fà ní àdúgbò wa. Ní ti iye, mo gbowó oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní December, títí di ìparí April. Iye àtijọ́ ni. Mo ti fẹnu ṣèlérí, n kò sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́.

Bọ̀dá Kúnlé: Háà! Ibi tí owó ń gbà jò nìyẹn. Ẹ ń fowó yín ra dátà fún wọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dá ìyókù owó wọn padà.

Àǹtí Bísí: Àdéhùn ni àdéhùn! Ọmọ ọlọ́mọ ti sanwó.

Ìyá Dámilọ́lá: Owó náà ti wọ ọjà, Ìyá Ìbejì. Bí mo bá dín gíìgì wọn kù ńkọ́?

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ má dín in láìsọ. Ẹ kọ ohun tó kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbà láti fowó kún un, ẹ máa bá a lọ. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ máa san tirẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.