Àwòrán eré ẹṣin inú pálọ̀ wa l'Ẹ̀pẹ́: kí ló dé tí ẹsẹ̀ wọn rí báyìí?

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Bàbá bàbá mi fi àwòrán kan sílẹ̀, àtikékeré mi ló ti wà lókè ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀, ẹṣin mẹ́fà ń sáré ìje, àwọn tó gùn wọ́n wọ pupa, yẹ́lò, búlúù, wọ́n kọ Epsom àti 1836 sísàlẹ̀, kòkòrò ti jẹ orúkọ ẹni tó yà á. Ẹsẹ̀ wọn ló ń yà mí lẹ́nu. Tìwájú nà gbalaja síwájú, tẹ̀yìn nà gbalaja sẹ́yìn, ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Gbogbo ẹṣin tí mo ti rí l'Ójúde Ọba, kò sí èyí tó ṣe báyẹn. Ṣé ẹni tó yà á ò mọ ẹṣin ni? Àbúrò mi ní ká tà á.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú: Wọ́n mọ ẹṣin dáadáa o àbúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń yà á nígbà yẹn. John Frederick Herring tó ń ya àwọn ẹṣin tó gba ipò kìíní nínú eré ẹṣin St Leger ní Doncaster nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ ẹlẹ́ṣin ni kó tó di ayàwòrán, ìjánu ló ń wà lọ́wọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́. Géricault wá láti Faransé, ó ya Derby, eré ẹṣin tí wọ́n ń sá ní Epsom nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní 1821, ó wà ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, di òní, ẹsẹ̀ nínà yẹn náà ni. Kódà Stubbs, ayàwòrán tó ṣáájú wọn, tó bó òkú ẹṣin débi eegun kó tó ṣe ìwé ẹ̀ nípa ara ẹṣin ní 1766, nígbà tó ya ẹṣin kan tó ń jẹ́ Baronet níbi tó ti ń sáré, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀ bákan náà. Ojú èèyàn ni ò lè bá eré yẹn. 1878 ni Muybridge, ayafọ́tò kan, to kámẹ́rà lọ gbọọrọ ní California, ó fi fọ́nrán dábùú ọ̀nà, bí ẹṣin bá ti gbá a, fọ́tò á yà. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé lóòótọ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ìgbà tó bá ká wọn jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tó nà wọ́n.

Alágbàwí_Àgbádárìgì: Ẹ má tíì tà á jàre. Ẹ wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, tẹ́ ẹ bá rí àmì tótòtó tó tò déédéé bíi ti kàlẹ́ńdà, ẹ̀rọ ayé òde òní ló tẹ̀ ẹ́. Ti àtijọ́, abala bàbà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tó tẹ ìwé wọlé máa ń hàn létí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kun ọ̀dà ẹ̀, ó máa ń kọjá ìlà nígbà míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún rárá.

ỌmọẸ̀pẹ́Gidi: Ẹ ṣé gan-an. Gíláàsì tí màmá àgbà fi ń ka Kùránì ni mo lò. Kò sí àmì tótòtó kankan. Pupa aṣọ ẹni tó wà níwájú ti kọjá ìlà bọ́ sọ́rùn ẹṣin ẹ̀, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti yí padà ṣì hàn kedere. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kò sí tà mọ́, a máa gbé e kúrò níbi tí oòrùn ti ń pa á.