Àrọ́wọ́tó ni, kì í ṣe ìráyèwọlé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá wa ní Ìlọrin béèrè ohun tí a ó máa pe iṣẹ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣe, bí wọ́n bá tún ojú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe kí afọ́jú, adití àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé dáadáa lè lò ó. Bàbá fúnra wọn dá “ìráyèwọlé” lábàá. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Kàdúná fara mọ́ ọn, wọ́n sì fi “oríkì àwòrán” kún un, fún ọ̀rọ̀ tí à ń kọ sẹ́yìn àwòrán kí fóònù lè kà á sétí ẹni tí kò ríran. Ẹ má bínú sí mi, n kò lè gba méjèèjì.

Ilẹ̀kùn ló wà nínú ìráyèwọlé. Mo mọ ibi tí Bàbá ti mú un wá. Òfin àwọn akàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà ṣe. Níbi ilé oníbíríkì, ọ̀rọ̀ Bàbá bá a mu rẹ́gí. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Sátidé.

Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Kubwa, l’Ábújá. Kò ríran láti kékeré. TalkBack, ètò inú fóònù tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ síta, ló fi ń lo fóònù rẹ̀, ohùn náà sì ń yára débi pé etí tèmi kò lè bá a. A ṣí ojú òpó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́, ohunkóhun kò dá a dúró. Ó fi ìka ra ojú fóònù, ohùn náà ní, “Image.” Ó tún rà á, “Image.” Ìkẹta jẹ́ lẹ́tà mélòó kan àti nọ́ńbà gbọọrọ, orúkọ tí kámẹ́rà fún fọ́tò náà. Ó gbé fóònù lé itan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà níbẹ̀ gan-an?”

Ère òkúta Èsìẹ́ ló wà níbẹ̀. Èsìẹ́ tiwa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Kwara, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà ní 1945, nítorí àwọn ère tó lé ní 1,000.

Ọmọ náà ti ráyè wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tuntun. Àrọ́wọ́tó ti wà nílẹ̀. Ìyá àgbà á ní kí a gbé iyọ̀ sí àrọ́wọ́tó òun. Ẹni tó ń ta gààrí ní Wuse á ní ọjà òun kò kọjá àrọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù. Ìlànà tí W3C, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì, gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí láti 1999, tí ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ jáde ní 2023, dúró lórí ohun mẹ́rin báyìí: kí ojú tàbí etí tàbí ọwọ́ lè mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ó ṣeé lò, kí ó yé ni, kí ó sì lè bá onírúurú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnìkan bá ní a nílò ọ̀rọ̀ orúkọ fún iṣẹ́ náà, mo ní ká sọ pé “à ń mú ojú òpó wá sí àrọ́wọ́tó,” kó tán. Èdè wa kò kọ̀ kí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

(Nínú lẹ́tà kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí “abirùn” fún akàndá ẹ̀dá. Ẹ dákun, àrùn ni mo ń gbọ́ níbẹ̀, ọmọ yìí kò sì ṣàìsàn. Àwọn baba wa tó pe afín, arọ àti abuké ní ẹni òrìṣà mọ ọ̀wọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Ó ku oríkì. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ èdè ń lò ó fún ìtumọ̀ ṣókí, ẹ̀gbọ́n kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pé kó kọ oríkì ère, ẹ wò ó bí kò bá ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìran tó ni ín. Yóò yìn ín, kò ní sọ ohun tí ojú rí. A ní àwòṣe, a ní àwòkọ́ṣe. Mo mú “àwòsọ” wá, ohun tí ẹnìkan wò tó sì sọ fún ẹlòmíràn.

Kí àwòsọ náà sì ní àmì ohùn. Ère, eré, èrè: bí ẹ bá ṣí àmì kúrò, “ere” kan ṣoṣo ló kù, ohùn inú fóònù kò ní àyíká ọ̀rọ̀ tí yóò fi yàn. Kí ẹni tó ṣe ojú òpó sì fi lẹ́tà méjì, “yo,” sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni. Bí ó bá fi í sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi pe “ìgbàanì.”

Mo gbìyànjú àwòsọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbi tí a jókòó sí. Mo ní, “Obìnrin kan jókòó lórí àpótí. Irun rẹ̀ ga sókè bí adé. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó di idà mú, ó gbé e ti èjìká ọ̀tún.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Bó ṣe gbé idà yẹn, ṣé ìjà ló ń múra sí ni, àbí ó ń sinmi?”

Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wo ère Èsìẹ́, n kò bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sún mọ́ ojú, mo tún un wò.