Mo ti dé láti odò Zambezi o

Ẹ kú àdúrótì. Mo ti padà sí Ìbàdàn, ara sì le. Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa lè bá wọn wọ ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Zambezi, láàárín Zambia àti Zimbabwe, nísàlẹ̀ Victoria Falls, níbi tí omi ti ń já láti òkè. Bàbá kan ní ẹni tó bá rí ohun tí Ògùnpa ṣe lọ́dún 1980 kò gbọdọ̀ fi omi ṣeré. Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n mo lọ.

Wọ́n so ẹ̀wù amúniléfòó mọ́ mi láyà títí mo fi ń mí gúlegúle. Afinimọ̀nà wa ní bí omi bá gbé èèyàn, kó má bá a jà: kó fẹ̀yìn lé omi, kí ẹsẹ̀ ṣáájú, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ lójú omi, kí ẹsẹ̀ má baà há sáàárín àpáta. Ó ní ká di orí àjẹ̀, igi tá a fi ń wa ọkọ̀, mú ṣinṣin, torí òun ló máa ń yọ eyín ẹlòmíì.

Ìgbì dà wá nù lóòótọ́. Mo ṣe bó ṣe wí, ẹni tó ń fi kayak, ọkọ̀ kékeré kan, tẹ̀lé wa sì fà mí jáde. Mo mu omi yó!

Ìgbì onípele 6, ìyẹn èyí tó léwu jù, ilẹ̀ la fi ẹsẹ̀ gbà kọjá a. Gígun òkè jáde nínú àfonífojì náà ló wá burú jù. Orúnkún mi ṣì ń bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, oṣù kẹjọ sí ìkejìlá ni kẹ́ ẹ fojú sí, nígbà tí omi bá fà. Mo ti rí ìdáhùn mi, ó parí.